Sípíkà kékeré wo ló dára fún orin ọ̀kẹ́sítírà?

Ẹ ǹ lẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa sípíkà. Yàrá kan ni mò ń gbé ní Bódìjà. Orin ọ̀kẹ́sítírà ni mo máa ń gbọ́ jù, láti orí kọ̀ǹpútà. N kò wá ariwo òde àríyá. Mo fẹ́ gbọ́ fayolíìnì lọ́tọ̀, kí n gbọ́ fèrè lọ́tọ̀, kí ibi tí orin ti rọlẹ̀ má sì pòórá. Èyí tí wọ́n tẹ̀ fún mi ní Dùgbẹ̀, báàsì ló bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, bí ọbẹ̀ tí epo pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Owó ọwọ́ mi kò ju ₦180,000 lọ. Mo ń wo Edifier R1280T tí wúfà rẹ̀ (ẹnu tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde) jẹ́ ínṣì 4, àti PreSonus Eris onínṣì 3.5. Àwọn méjèèjì ní amplifier nínú, ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Àmọ́ ohùn ìsàlẹ̀ pátápátá lórí double bass, fayolíìnì ńlá tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ jù, jẹ́ nǹkan bíi 41 Hz (ìgbà 41 ló ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Ṣé sípíkà kékeré lè débẹ̀, àbí kí n gbàgbé ẹ̀?

Tábìlì mi fara ti ògiri. Iwájú ni ihò tí báàsì ń gbà jáde lára Edifier wà, ẹ̀yìn ni ti PreSonus. Ǹjẹ́ ìyẹn á yọ mí lẹ́nu? Ta ló sì ti fi inverter lo ọ̀kan nínú wọn, ṣé kì í kùn? Tòkunbọ̀ náà kò burú o, bí ẹ bá mọ ibi tí ojúlówó wà n'Íbàdàn.