Ọ̀bẹ àti omorogùn tó dùn ún lò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gba ìmọ̀ràn lórí ohun èlò ìdáná. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó dáa ni mo fẹ́ rà, èyí tí yóò bá mi kalẹ́.

Ọ̀bẹ ló jẹ mí lógún jù. Mo fẹ́ èyí tí irin rẹ̀ gba inú èèkù kọjá dé ìdí, kó má baà yọ nígbà tí mo bá ń gé iṣu. Ọ̀bẹ alágbẹ̀dẹ rọrùn ún pọ́n, ó sì máa ń mú dáadáa, àmọ́ ó máa ń dípẹtà téèyàn ò bá tètè nù ún gbẹ. Chromium, ìyẹn èròjà onírin kan tí wọ́n ń pò mọ́ irin, tó wà nínú àwọn ọ̀bẹ ìgbàlódé kì í jẹ́ kí wọ́n dípẹtà, ṣùgbọ́n pípọ́n wọn máa ń le díẹ̀. Èwo lẹ̀ ń lò? Ṣé ó ti pẹ́ lọ́wọ́ yín?

Omorogùn ńkọ́? Igi wo ni kì í sán, tí kì í ha sínú àmàlà? Bí ọrùn rẹ̀ bá tín jù, ọwọ́ á máa ro èèyàn ni. Igbákọ tèmi dáa, ìyẹn ò sí nínú ìbéèrè. Ẹ sọ ọjà tí ẹ ti ra tiyín fún mi, kódà bó jẹ́ ọ̀dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà abúlé ni.