Òróró ewé ọsàn fún màmá mi tí kò rí oorun sùn: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ṣágámù:
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ màmá mi ni mo bá wá. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n. Láti ìgbà tí bàbá wa ti papò dà, oorun ti di ọ̀wọ́n gógó lójú wọn. Bí aago méjì òru bá ti lù, ẹ ó bá wọn lórí ìjókòó létí bẹ́ẹ̀dì, wọn á ká fìlà bàbá wa, wọn á tú u, wọn á tún un ká.

Ọ̀rẹ́ mi kan wá fún mi ní ìgò kékeré kan, mílílítà 10. Petitgrain ni wọ́n kọ sí i lára, Citrus aurantium sì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ṣí i, àfi bí ìgbà tí èèyàn já ewé ọsàn tó fọwọ́ rún un: ó tutù, ó korò díẹ̀, adùn wá tẹ̀ lé e. Ẹni tó tà á fún un ní kí màmá máa kán ẹ̀kán márùn-ún sínú tíì. Ọkàn mi ò gbà á. Ṣé mímu ni? Àbí kí n kúkú se ewé ọsàn ẹ̀yìnkùlé wa?

Ìyá Ọlọ́ṣẹ, Ìjẹ̀bú-Òde:
Àbúrò mi, o ṣeun tí o béèrè kí o tó kán an. Má fi sí tíì rárá! Kì í ṣe àgbo. Ewé àti ẹ̀ka wẹ́wẹ́ igi ọsàn kíkan ni wọ́n ń kó sínú ìkòkò ńlá, ooru omi á gba àárín wọn kọjá, á gbé òórùn wọn dání. Tí ooru yẹn bá dé inú ọ̀pá tútù, á padà di omi, òróró á sì léfòó lórí rẹ̀. Ewé rẹpẹtẹ ló ń lọ sí ìgò kan. Òróró àti omi kì í ṣọ̀rẹ́, orí tíì ló máa léfòó sí, á wá ta wọ́n lẹ́nu àti lọ́nà ọ̀fun.

Faransé ló ni orúkọ yẹn, "hóró kékeré" ni, torí èso tútù wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń lò nígbà kan. Paraguay ni púpọ̀ nínú èyí tó wà lọ́jà ti ń wá. Linalyl acetate àti linalool ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, àwọn méjèèjì náà ló sì pọ̀ nínú lavender, òdòdó tí ọ̀rọ̀ "lọ́fínńdà" tiwa ti jáde. Òórùn rẹ̀ máa ń tu ọ̀pọ̀ èèyàn lára, èmi náà ń lò ó. Àmọ́ mi ò ní pè é ní oògùn oorun fún ọ.

Kán ẹ̀kán méjì sórí òwú, gbé e sínú àwo kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí o bá fẹ́ fi ra ẹsẹ̀ wọn, ẹ̀kán mẹ́fà sínú òróró àgbọn mílílítà 30, kó má jù bẹ́ẹ̀. Kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa inú apá wọn, kí o dúró di ọjọ́ kejì.

Ti ewé ẹ̀yìnkùlé, o lè sè é kí òórùn rẹ̀ gba yàrá, kí wọ́n má ṣáà tẹ ojú sórí ìkòkò gbígbóná.

Aṣọ Ẹgbẹ́:
Ṣé kò ní bó wọn lára? Lọ́dún kan, mo fi òróró èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ pa ọrùn lọ sí Ojúde Ọba. Ẹ mọ bí oòrùn ṣe ń rí níwájú ààfin. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, ọrùn mi pọ́n, ó ta, ó wá dúdú bí ìgbà tí wọ́n fi èédú fà á. Ó pẹ́ gan-an kó tó lọ.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ, Ìjẹ̀bú-Òde:
Pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Èyí tí wọ́n fún látinú èèpo lẹ lò. Ohun inú èèpo tí oòrùn ń bá jà wúwo, kì í fi bẹ́ẹ̀ bá ooru omi gòkè. Òróró ewé kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì, Ìpẹru:
Ẹ jọ̀ọ́, kí ni màmá ń jẹ tí wọ́n ń mu lálẹ́? Ṣé wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń múni tọ̀? Bó bá jẹ́ alẹ́ ni wọ́n ń lò ó, òun náà lè máa jí wọn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà wọn bóyá ó ṣe é sún sí àárọ̀. Ṣé ásímà kò sí? Ológbò ńkọ́? Òróró yìí kò dáa fún ológbò.

Ọmọ Ṣágámù:
Kò sí ásímà, kò sí ológbò, àárọ̀ ni wọ́n ń lo oògùn wọn. Àmọ́ obì ni màmá tà ní Sábó títí wọ́n fi darúgbó. Bí wọ́n bá jẹun alẹ́ tán, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń jókòó sí, wọn á máa jẹ gbànja títí aago mẹ́sàn-án.

Nọ́ọ̀sì, Ìpẹru:
Háà! Ẹ ti rí i. Kaféènì inú kọfí náà ló wà nínú gbànja. Wákàtí márùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹ ẹ́, bí ìdajì rẹ̀ ṣì lè wà lára wọn. Ẹ má gba obì lọ́wọ́ ọmọ Rẹ́mọ o, ẹ kàn bẹ̀ wọ́n kó di ti òwúrọ̀. Kí ẹ sì máa jókòó tì wọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ bàbá. Bí ìbànújẹ́ náà kò bá fúyẹ́, ẹ mú wọn wá sílé ìwòsàn.

Ọmọ Ṣágámù (lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án):
Ẹ kú ìtọ́jú wa o. Wọ́n bá mi jà ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ nítorí gbànja. Òwúrọ̀ ni wọ́n ń jẹ ẹ́ báyìí. Òwú náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní òórùn oko bàbá wọn ni. Lánàá wọ́n sùn di aago mẹ́rin ààbọ̀. Lóru ìjẹta, wọ́n tún jí ní méjì. Níbo ni kí n máa gbé ìgò yìí sí? Ojú fèrèsé ilé ìdáná ló wà.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ, Ìjẹ̀bú-Òde:
Gbé e kúrò níbẹ̀! Ibi dúdú, ibi tútù, kí o dé e pinpin. Tí afẹ́fẹ́ bá ti ń wọ inú rẹ̀ pẹ́, linalool á yí padà, á wá máa yún ara.

Ọmọ Ṣágámù:
Mo ti gbé e sínú àpótí aṣọ màmá. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n fi sí ẹ̀gbẹ́ fìlà yẹn.