Agbára sígínà pọ̀, àwòrán sì ń fọ́: kí ni kí n ṣe sí túnà nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi?

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mò ń gbé ní Sùúrùlérè. Mo so túnà DVB-T2 (ẹ̀rọ tó ń gba tẹlifíṣọ̀n dígítà láti orí áńtẹ́nà) mọ́ ráútà kí àwọn ọmọ lè máa wo tẹlifíṣọ̀n lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà, láìjẹ́ pé a ń fa wáyà láti yàrá dé yàrá.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé túnà náà ń fi hàn pé agbára sígínà jẹ́ 94 nínú 100, ṣùgbọ́n dídára rẹ̀ kì í kọjá 50, bí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú, àwòrán á fọ́ wẹ́wẹ́ bíi gàrí, ohùn á sì máa já. Kì í ṣe Wi-Fi ló fà á, nítorí ti kọ̀ǹpútà tí mo fi wáyà so mọ́ ráútà ń fọ́ bákan náà.

Booster orí òrùlé, ẹ̀rọ tó ń mú sígínà áńtẹ́nà lágbára sí i, ni mo fura sí jù. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kan wà lẹ́yìnkùlé wa, 4G orí 800 MHz kò sì jìnnà sí ìgbì UHF tí tẹlifíṣọ̀n ń lò, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí booster máa gbé ariwo yẹn ga títí agbára á fi pọ̀ ju ohun tí túnà lè gbà lọ. Òjò sì ti ba ẹnu wáyà áńtẹ́nà jẹ́ (bàbà inú rẹ̀ ti dípẹtà aláwọ̀ ewé), mo máa pààrọ̀ ìyẹn.

Ṣé kí n yọ booster kúrò pátápátá, àbí kí n fi filter LTE (èyí tó ń dènà sígínà 4G) síwájú rẹ̀? Ẹni tó bá sì mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ojúlówó filter ní Alábà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ júwe ìlà ọjà náà fún mi.