Ẹ jọ̀ọ́, kí ni pẹpẹ gan-an? Wọ́n ní ti ilé bàbá mi ló ń dà mí láàmú

Àbẹ̀kẹ́ Iléṣà:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Bàbá mi kú lọ́dún tó kọjá, látìgbà yẹn ọjà mi ò fi bẹ́ẹ̀ tà mọ́, ọmọ mi kejì náà ń ṣàìsàn ṣáá, ni ọ̀rẹ́ mi bá mú mi lọ sọ́dọ̀ wòlíì kan, mi ò tíì jókòó dáadáa tó ti ní pẹpẹ kan wà lẹ́yìnkùlé wa tó ń sọ̀rọ̀ lòdì sí mi. Òótọ́ ni pé bàbá bàbá mi ní ojúbọ Ògún níbẹ̀, òkúta nìkan ló kù báyìí. Ó ní kí n mú ₦80,000 wá kóun tẹ́ pẹpẹ tuntun tó máa borí tàtijọ́. Mi ò lówó yẹn, mi ò sì rí oorun sùn mọ́. Ṣé ojúbọ náà ni Bíbélì ń pè ní pẹpẹ? Ṣé ó lè máa bá èèyàn jà lóòótọ́?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà:
Àǹtí mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má fojú kéré ẹ̀ o. Ẹ ka Àwọn Onídàájọ́ orí 6, kí Gídéónì tó lọ bá àwọn ará Mídíánì jà, pẹpẹ Báálì tó wà nílé bàbá ẹ̀ ni Ọlọ́run ní kó kọ́kọ́ wó, òru ló fi wó o torí ẹ̀rù ará ilé, igi ère tó bẹ́ lulẹ̀ níbẹ̀ ló fi dáná ẹbọ tó rú sí Olúwa. Níbí náà, ní Òkè-Oòye ní Iléṣà lọ́dún 1930 tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wàásù, àwọn èèyàn kó oògùn àti ère wọn jáde, wọ́n sun ún. Nítorí náà, ẹ kọ̀ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹnu ara yín.

Olùkọ́ Àgbà:
Mo gbà pẹ̀lú Ọmọ Ìjẹ̀ṣà lórí kíkọ̀ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ owó yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Ọ̀rọ̀ ilé wa ni pẹpẹ kó tó dọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n sílé ìyá mi àgbà, orí ẹ̀ ni wọ́n ń to ìkòkò sí. Nínú Ẹ́kísódù 20 náà, erùpẹ̀ ni Ọlọ́run ní kí wọ́n fi mọ tòun, bó bá sì jẹ́ òkúta, wọn ò gbọdọ̀ gbẹ́ ẹ, tí irin bá ti kàn án ó ti bà jẹ́ nìyẹn. Kí ni erùpẹ̀ fẹ́ gbà ní ₦80,000?
Ojúbọ àti pẹpẹ jọra ní ti pé wọ́n ń rúbọ níbẹ̀, Bíbélì wa pàápàá pe ti Báálì ní pẹpẹ. Àmọ́ ẹ wo Nóà, kò mọ pẹpẹ kí ìkún omi má baà gbé e lọ, ìgbà tó jáde nínú ọkọ̀ láàyè ló mọ ọ́n. Ábúráhámù ní Ṣékémù, Ọlọ́run ti fara hàn án, ó ti ṣèlérí ilẹ̀ fún un, kó tó mọ tiẹ̀. Oore ló kọ́kọ́ dé, pẹpẹ tẹ̀ lé e. Ìwé Hébérù wá ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Jésù fi ara ẹ̀ rúbọ, ó tó títí láé. Ẹbọ wo ni wòlíì yẹn fẹ́ rú kún un?

Tèrésà Ifẹ̀:
Kátólíìkì ni mí, lọ́dọ̀ tiwa Fáda máa ń fẹnu ko pẹpẹ tí Máàsì bá bẹ̀rẹ̀ àti tó bá ń parí, torí Kristi ló dúró fún. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ wọ́n á ká gbogbo aṣọ orí ẹ̀ kúrò, á wà níhòòhò, tí mo bá ti rí i bẹ́ẹ̀ omi á bọ́ lójú mi. Ẹni tí wọ́n bọ́ láṣọ nítorí yín ò ní béèrè owó lọ́wọ́ yín kó tó gbà yín. Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn Wesley, ẹ jọ̀ọ́.

Àbẹ̀kẹ́ Iléṣà:
Bàbá, ẹ ṣé o, gbogbo yín ẹ ṣé. A ti dé Wesley láàárọ̀, wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ fún àyẹ̀wò. Mi ò sanwó yẹn mọ́. Òkúta ẹ̀yìnkùlé ńkọ́, ṣé kí n gbé e sọnù?

Olùkọ́ Àgbà:
Ẹ kọ́kọ́ bá àwọn àgbà ilé yín sọ ọ́, torí kì í ṣe tiyín nìkan. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ èsì àyẹ̀wò ọmọ.