Kóòdù P1300 ò lọ lẹ́yìn tí mo pààrọ̀ kọ́ìlì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i

Onímọ́tò:
Ẹ káàsán o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Toyota ni mọ́tò mi, ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE ló wà nínú ẹ̀. Láti ìjẹta ló ti ń gbọ̀n, tí mo bá ti tẹná sí i ńṣe ló máa ń jáàkì bíi pé ẹnì kan ń fà á sẹ́yìn, iná check engine wá ń ṣẹ́jú. Mẹkáníìkì fi skáánà sí i, P1300 ló gbé jáde, ó ní kọ́ìlì (ohun tó ń fún pùlọ́ọ̀gì níná) sìlíńdà kìíní ti kú. Mo ra tuntun, a fi sí i, a pa kóòdù rẹ́, kò pé ìṣẹ́jú méjì tó tún yọjú. A pààrọ̀ pùlọ́ọ̀gì, bákan náà ni. Èyí tó wá ń rú mi lójú ni pé nígbà tá a yọ pùlọ́ọ̀gì yẹn síta tá a sì stáàtì, iná ń ta lẹ́nu ẹ̀ dáadáa. Wọ́n ti wá ní brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, ló bàjẹ́. Mi ò fẹ́ ra nǹkan kẹta láìmọ ohun tó ń ṣe é gan-an, ẹ gbà mí.

Rewáyà_Àgbà:
Ẹ má tíì ra brain box o! P1300 ò sọ pé kọ́ìlì kú. Ohun tó ń sọ ni pé brain box rán kọ́ìlì níṣẹ́, kò rí àbọ̀. Wáyà tó fi ń ránṣẹ́ ni IGT, òun ló ń sọ fún kọ́ìlì pé kó tanná. Wáyà tí kọ́ìlì fi ń jábọ̀ ni IGF, ìyẹn ló ń sọ pé mo ti tan án. Tí àbọ̀ ò bá dé, ọ̀pọ̀ Toyota á gé epo dúró kí epo tí ò jó má bàa lọ ba kátálístì (ohun tó ń fọ èéfín mọ́ nínú ẹ̀sọ́ọ̀sì) jẹ́, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí iná lẹ́nu pùlọ́ọ̀gì tí mọ́tò ṣì ń gbọ̀n. Iná ọ̀hún ò fibì kan kù, àbọ̀ ni ò dé.

Ẹ kọ́kọ́ gbé kọ́ìlì sìlíńdà kìíní lọ sí ìkejì, kẹ́ ẹ gbé ti ìkejì wá síbí, ẹ pa kóòdù rẹ́, ẹ stáàtì. Tó bá yí sí P1305, ìyẹn kóòdù ti sìlíńdà kejì, kọ́ìlì ni. Tó bá dúró sórí P1300, ẹ fi kọ́ìlì sílẹ̀, wáyà lẹ máa wá. Kẹ́ ẹ sì jọ̀ọ́ ẹ má wa mọ́tò yẹn lọ síbi tó jìnnà nígbà tí check engine bá ń ṣẹ́jú.

Onímọ́tò:
Ọ̀gá mi ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ṣe é, orí P1300 náà ló dúró.

Olùtúnwáyà:
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ mú mítà. Sókẹ́ẹ̀tì kọ́ìlì ní ojú mẹ́rin: iná bátìrì, áàtì (earth), IGT àti IGF, ẹ wo àwòrán wáyà mọ́tò yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun torí àwọ̀ wáyà máa ń yàtọ̀. Ẹ yọ sókẹ́ẹ̀tì kúrò lórí kọ́ìlì, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ sí ON láìstáàtì, kẹ́ ẹ wọn IGF sí áàtì. Nǹkan bíi 5V ló yẹ kẹ́ ẹ rí, láàárín 4.5 sí 5.5. Brain box ló ń gbé 5V yẹn wá, kọ́ìlì á sì máa fà á wálẹ̀ nígbàkígbà tó bá tanná. Ẹ wọn ti sìlíńdà kejì náà, torí wáyà IGF kan ṣoṣo ló ti brain box wá, inú ìdì wáyà ló ti pín sí mẹ́rin. Tí ìkejì bá ní 5V tí ìkíní ò ní, ọ̀rọ̀ brain box parí nìyẹn, láti ibi tí wáyà ti pín sí sókẹ́ẹ̀tì yín ló ti já.

Àbúrò_Rewáyà:
Mo fẹ́ fi kún tọ̀gá. Ẹ wo ẹ̀yìn sókẹ́ẹ̀tì yẹn dáadáa. Ooru ẹ́ńjìnnì máa ń jẹ́ kí wáyà ibẹ̀ gan, ó lè já nínú kí rọ́bà ìta ṣì wà ní odidi, ojú ò ní rí i. Ẹ rọra fà á, tó bá nà bíi rọ́bà, kọ́pà inú ẹ̀ ti já. Ẹ sì wo inú ihò pùlọ́ọ̀gì bóyá ọ́ìlì ti kún ibẹ̀.

Onímọ́tò:
Mo ti padà dé o! Sìlíńdà kejì, 4.9V. Ìkíní, òdo. Mo rọra fa wáyà IGF lẹ́yìn sókẹ́ẹ̀tì, ńṣe ló nà, nígbà tá a bó o, kọ́pà ti já síbi tó ti wọ sókẹ́ẹ̀tì gan-an. A ti so ó pọ̀ fúngbà díẹ̀, ẹ́ńjìnnì ti dákẹ́, kóòdù ò padà láti àárọ̀. Inú mi dùn débi pé mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́.

Rewáyà_Àgbà:
A dúpẹ́. Ẹ má fi síso lásán sílẹ̀ o, ẹ fi òjé jó o, kẹ́ ẹ fi rọ́bà tó ń sún kì tí wọ́n bá fi iná sí i bò ó, kẹ́ ẹ sì fi wáyà díẹ̀ kún un kó lè gùn sí i, kó má fà gan. Tí ẹ̀yìn sókẹ́ẹ̀tì ọ̀hún bá ti ń fọ́, ẹ pààrọ̀ sókẹ́ẹ̀tì.