Ìgbà wo ni Douglas Clark padà sórí pápá lẹ́yìn ogun?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ rọ́gíbì líìgì (irú rọ́gíbì tí ẹni mẹ́tàlá ń gbá ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan) dáadáa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Douglas Clark, fọ́wọ́ọ̀dù (agbábọ́ọ̀lù iwájú) ẹgbẹ́ Huddersfield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mò ń kọ ìtàn ẹ̀. Nígbà tí Bìrìtéènì ń bá Ọsirélíà gbá ní Sydney lọ́dún 1914, àtàǹpàkò ẹ̀ kán, ó ní kí wọ́n bá òun dì í, ó tún ń bá eré lọ, ìgbà tí eegun èjìká ẹ̀ wá yẹ̀ ló tó jáde tòun tomijé, Bìrìtéènì sì borí 14–6. Ọkùnrin gidi! Gáàsì olóró bà á nínú Ogun Àgbáyé Kìíní lọ́dún 1917, síbẹ̀ ó tún bá ikọ̀ Bìrìtéènì lọ Ọsirélíà ní 1920. Mo ti wo ìwé ìròyìn àtijọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí ojú fi ń ta mí, ojú ìwé tí mo nílò gan-an ló dúdú. Máàṣì wo ló kọ́kọ́ gbá fún Huddersfield lẹ́yìn ogun, ọjọ́ wo sì ni?