Omi kànga ilé bàbá wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó: nínú gbogbo àlàyé yìí, èwo ni kí n gbà?

ỌmọÒkèÀgbò

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí torí ó ti ń fẹ́ dìjà nínú ẹbí wa. Ilé bàbá wa wà ní Òkè-Àgbò, Ìjẹ̀bú-Igbó níbí, kànga kan wà lẹ́yìnkùlé tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, òun la mu dàgbà, omi ẹ̀ tutù bíi tinú fíríìjì, tẹ́ ẹ bá fi rẹ gàrí lọ́sàn-án ẹ ò ní bèèrè yìnyín. Àmọ́ látìgbà tójò ọdún yìí ti ń rọ̀ dáadáa ni inú ti ń run wá, ká ṣáà máa yàgbẹ́ gbuuru, ká máa bì, kódà àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì dèrò ọsibítù, wọ́n fa omi sí wọn lára, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run wọ́n ti dìde. Omi yẹn ò sì yí àwọ̀ padà o, kò rùn, ẹ bù ú sí gíláàsì ẹ máa rí ìka yín lódì kejì.

Ohun tó ń da ilé rú ni pé kálukú ti di àlàyé tiẹ̀ mú. Màmá wa àgbà, àbúrò bàbá wa, ní ayé ni, pé ọkùnrin tá a bá ṣẹjọ́ ilẹ̀ iwájú ilé lọ́dún tó kọjá sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé a ò ní fi ilé náà sinmi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní sókàwéè tí wọ́n gbẹ́ sílé kejì ṣáájú Kérésì ló ń sun wá sínú kànga. Ìyàwó mi ní oúnjẹ oríta táwọn ọmọ ń rà ni, òun ti rí eṣinṣin lórí ẹ̀wà obìnrin yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Bàbá tó ń gẹrun ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ní àsìkò ni, pé bójò bá ti dé afẹ́fẹ́ á yí padà, gbogbo ìlú ni inú ń run.

Tí n bá gbọ́ tẹnì kan, ó bọ́gbọ́n mu, tí n bá gbọ́ tẹlòmíì, ó tún bọ́gbọ́n mu. Ẹjọ́ ilẹ̀ yẹn wáyé lóòótọ́, sókàwéè wà níbẹ̀, eṣinṣin wà lórí ẹ̀wà, òjò sì ń rọ̀. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ èyí tó yẹ kóun gbà? Owó ọwọ́ wa ò lè gbọ́ bùkátà gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyá Ìbejì Ìlíṣàn

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ewu àwọn ọmọ o. Kẹ́ ẹ tó dájọ́ kankan, ẹ má mu omi yẹn mọ́ láìsè é, kó hó dáadáa, kẹ́ ẹ dé e kó tutù nínú ohun tẹ́ ẹ sè é sí. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, ohun tí mo máa ń rí ni pé àwọn èèyàn á máa jiyàn ohun tó fà á, ọmọ á máa gbẹ lọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Tí ìgbẹ́ bá tún bẹ̀rẹ̀, ẹ fi lítà omi kan tẹ́ ẹ ti sè po ṣúgà ṣíbí ìmutíì mẹ́fà àti iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí, kó má ga lórí ṣíbí o, torí iyọ̀ tó bá pọ̀jù léwu fọ́mọ, ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Àti pé omi tó mọ́ lójú lè má mọ́ nínú, kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru kéré ju ohun tójú lè rí lọ.

Tíṣà Ìperu

Àbúrò, àwọn tó ṣàìsàn nìkan lẹ fi ń wọn àlàyé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo wọn ló sì máa bá ẹni tó ṣàìsàn mu, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi ń dojú rú. Ta ni kò ṣàìsàn nínú ilé yẹn? Kí ló ń jẹ, kí ló ń mu? Ṣé ẹ rí ẹni tí kì í ṣe ará ilé yín tó ṣàìsàn? Ẹ mú ìwé àti bírò, ẹ bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ èyí tẹ́ ẹ̀ ń fẹ́ gbọ́ o, torí èèyàn máa ń dáhùn síbi tó bá rí pé ẹ fì sí.

ỌmọÒkèÀgbò

Ẹ ṣé gan-an sà. Mo ti ṣe é, ọjọ́ méjì ló gbà mí. Èèyàn 14 ló ń gbé ilé wa, 9 ló ṣàìsàn. Àwọn tí kò ṣe: ìyàwó mi, píọ̀wọ́tà nìkan ló ń mu látìgbà tó ti lóyún. Màmá wa àgbà fúnra wọn, wọn kì í fẹnu kan omi tútù, tíì gbígbóná àti ògì ni tiwọn. Tẹ́náǹtì kan àti ìyàwó ẹ̀, àwọn yẹn ti ń se omi kí wọ́n tó mu ún látọjọ́ tí wọ́n ti wọlé. Àti ọmọ jòjòló kan tó ṣì ń mu ọmú.

Ní ti oúnjẹ oríta, àwọn ọmọ ilé tó wà lókè wa ń jẹ ẹ̀wà yẹn ju tiwa lọ, bóòhóòlù ni wọ́n ń lò nílé wọn, inú ò run ìkankan nínú wọn. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá tó ń gẹrun ṣàìsàn, ó ń fami mu lọ́dọ̀ wa. Ọ̀gá ẹ̀ ò ṣe, ó máa ń gbé omi wá látilé.

Èyí tó wá ya èmi gan-an lẹ́nu ni ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi kan tó wá kí wa látÌjẹ̀bú-Òde lẹ́yìn Ojúde Ọba. Ó rẹ gàrí, kọ́ọ̀bù omi kan péré, ó sì padà sílé ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo pè é lórí fóònù. Ó ní nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, inú ilé ìyàgbẹ́ lòun sùn. Ìyàwó ẹ̀ àtàwọn ọmọ ẹ̀ ò sì mọ nǹkan kan lára.

Tíṣà Ìperu

Ẹ káre! Ọkùnrin Ìjẹ̀bú-Òde yẹn ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ó rán mi létí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní London lọ́dún 1854, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ torí ó jọ tiyín gan-an. Àrùn kọ́lẹ́rà bẹ́ sílẹ̀ ládùúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Soho, èèyàn 616 ló bá a lọ. Nígbà yẹn, ohun tí ọ̀pọ̀ dókítà gbà ni pé òórùn burúkú inú afẹ́fẹ́ ló ń fa kọ́lẹ́rà. Wọn ò sì ya òmùgọ̀ o, àdúgbò yẹn ń rùn lóòótọ́, ibi tó ń rùn sì làwọn èèyàn ti ń kú. Àmọ́ dókítà kan, John Snow, ní omi ẹ̀rọ tó wà ní Broad Street ni. Ó tọpa àwọn tó kú, ó sì béèrè àwọn tí kò kú pẹ̀lú. Ilé kan wà nítòsí ibẹ̀ tí wọ́n ń kó àwọn aláìní sí, 535 ni wọ́n, márùn-ún péré ló kú, wọ́n ní kànga tiwọn. Àwọn ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń pọn bíà lójú títì yẹn gan-an ò kú, bíà ni wọ́n ń mu. Afẹ́fẹ́ kan náà ni gbogbo wọn sì ń mí símú.

Opó kan tún wà tó ń gbé ní Hampstead, ibẹ̀ jìnnà, kò sí kọ́lẹ́rà níbẹ̀ rárá. Obìnrin yìí ti gbé Broad Street rí, ó fẹ́ràn ìtọ́wò omi yẹn débi pé wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù gbé e wá fún un. Ó mu ún, ó kú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ẹ̀ kan tó wá kí i látIslington mu nínú ẹ̀, ó padà sílé ẹ̀, òun náà kú. Afẹ́fẹ́ Soho wo ló máa fò kọjá gbogbo ilé tó wà lójú ọ̀nà kó lọ wọ ilé obìnrin kan ṣoṣo?

Ẹ wá gbé tiyín sí i. Bó bá jẹ́ àsìkò ni, báwo ló ṣe mọ ẹni tó ń mu píọ̀wọ́tà? Bó bá jẹ́ ẹ̀wà, kí ló dé tí àwọn tó ń jẹ ẹ́ jù ò fi ṣàìsàn, tí ẹni tí kò jẹ ẹ́ rí wá látÌjẹ̀bú-Òde fi ṣe é? Omi nìkan ló bá gbogbo wọn lọ. Ohun tí mi ò tíì lè sọ ni pé sókàwéè ló ba omi yẹn jẹ́. Ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíì ni, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín so méjèèjì pọ̀.

Alàgbà Òde-Rẹ́mọ

Tíṣà, ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ ò fẹnu kan ọ̀rọ̀ ìyá àgbà. Ọmọ mi, má ṣe já ọ̀rọ̀ wọn jù nù lójú àwọn ọmọdé, àgbà ni wọ́n, ohun tí ọkùnrin yẹn sọ sì dùn wọ́n. Kì í ṣe pé èmi ń sọ pé ayé ò sí. Ohun tí mo rí ni pé àlàyé ayé yìí máa ń bá gbogbo nǹkan mu. Bí ìyàwó ẹ bá ṣàìsàn, a ó ní ayé ni. Bí kò bá ṣe, a ó ní orí ẹ̀ ló yọ ọ́. Bí àlejò bá ṣe é, a ó ní ó kó sí i. Kò sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ tá a máa fi sọ pé rárá, kì í ṣe ayé, nítorí náà kò lè fi ọ̀nà hàn wá. Lọ bá ìyá nígbà tí wọ́n bá dá wà, kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀, kó o ní, Màmá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ti kànga yìí ná, kẹ́ ẹ máa bá wa gbàdúrà lọ. Ìkan ò dí ìkejì lọ́wọ́.

ỌmọÒkèÀgbò

Ẹ ṣé bàbá, màá ṣe bẹ́ẹ̀. Ìṣòro tó kù rèé: lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n pe àwọn aládùúrà wá, wọ́n gbàdúrà sórí kànga, ẹ̀gbọ́n mi náà da álọ́ọ̀mù sí i lọ́jọ́ kan náà. Látìgbà yẹn kò sẹ́ni tó tún ṣàìsàn. Màmá ní àdúrà ti ṣiṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ní álọ́ọ̀mù ni.

Tíṣà Ìperu

Ọjọ́ wo lẹ ti ń se omi tàbí tẹ́ ẹ ti ń ra píọ̀wọ́tà fún gbogbo ilé? Mo mọ̀ pé Ìyá Ìbejì ti kọ ìmọ̀ràn yẹn ṣáájú. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti dá mímu ún dúró kí àdúrà àti álọ́ọ̀mù tó dé, a ò lè fi àlàáfíà yìí jẹ́rìí fún ìkankan nínú méjèèjì. Álọ́ọ̀mù máa ń mú kí ìdọ̀tí rọ̀ sísàlẹ̀, ìyẹn nìkan ò ní ká máa mu omi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Snow náà nìyẹn. Wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ omi Broad Street kúrò lọ́jọ́ 8 oṣù September, kọ́lẹ́rà sì kásẹ̀ ńlẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn títí dòní ní yíyọ yẹn ló fi hàn pé ó jàre. Snow fúnra ẹ̀ kọ ọ́ pé àìsàn náà ti ń lọ sílẹ̀ ṣáájú, torí ọ̀pọ̀ ti sá kúrò níbẹ̀. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn nítorí èyí, kò gba ẹ̀rí tí kò tọ́ sí i. Àlùfáà kan tún wà, Henry Whitehead, tí kò gba Snow gbọ́, ó jáde láti lọ já a nírọ́, ó ń lọ láti ilé dé ilé. Òun ló wá rí i pé ọmọ ọwọ́ kan ti ṣàìsàn nílé 40 Broad Street, wọ́n fọ ìtẹ́dìí ẹ̀, wọ́n da omi ẹ̀ sínú kòtò ẹ̀gbin tó fẹ́ẹ̀ fara kan kànga ẹ̀rọ náà. Ẹni tó fẹ́ takò ó ló bá a rí ẹ̀rí.

Agbẹ́kànga Ṣágámù

Iṣẹ́ mi rèé. Wọ́n máa ń ní kí kànga fi mítà 30 ó kéré tán jìnnà sí ṣaláńgá àti sókàwéè. Ó dáa, àmọ́ ilẹ̀ ò rí bákan náà, lọ́dọ̀ wa níbí tí òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì wà, omi lè gba ojú lílà inú òkúta kó rìn jìnnà láìsẹ́. Ẹ wò ó bóyá ilé kejì ga jù yín lọ. Lẹ́yìn náà, tójò bá ti dá fún ọjọ́ méjì, tí oòrùn bá mú, ẹ fi dígí dá ìmọ́lẹ̀ sínú kànga, ẹ máa yí i ká rìngì kọ̀ọ̀kan. Ibi tómi bá ti ń sun gba oríkèé rìngì, ẹ sàmì ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ tó kọ ẹ̀yìn sí sókàwéè ló ti ń sun, ẹ̀gbọ́n yín ti ṣìnà. Ẹ sì gbé omi yẹn lọ sí làábù kí wọ́n wò ó bóyá kòkòrò inú ìgbẹ́ wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ tó lọ kan ilẹ̀kùn onílé yẹn. Ẹ má sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga o, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ń pààyàn.

ỌmọÒkèÀgbò

Tíṣà, mo wò ó, ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú àdúrà la ti ń se omi. Mo ti sọ fún méjèèjì, kò dùn mọ́ wọn nínú àmọ́ wọ́n dákẹ́.

Mo fi dígí ìfárùngbọ̀n dá oòrùn sínú kànga láàárọ̀ yìí. Ìṣísẹ̀ 11 ni láti etí kànga dé ibi sókàwéè, ilẹ̀ tiwọn ga jù tiwa lọ. Láàárín rìngì kejì àti ìkẹta, ẹ̀gbẹ́ tó dojú kọ ọ̀dọ̀ wọn, omi kan ń sun tíntín, ó ti fa ìlà dúdú tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ewédú wálẹ̀ lára sìmẹ́ǹtì. Òdì kejì gbẹ, ó funfun. Màmá wa àgbà dúró tì mí, wọ́n gba dígí lọ́wọ́ mi, wọ́n dá oòrùn sí i fúnra wọn, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní ṣé làábù ń ṣí lọ́jọ́ Sátidé, àwọn máa bá mi lọ.